Ẹfúnwùmí Tí Kò Gbá Ẹ̀yìn Igi

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí agboolé erékùṣù wa yìí kò tíì ju bíi mélòó kan lọ, irú igi kan ń bẹ lórí òkè, níbi tí kùrukùru kì í ti í kúrò. Afòkèṣelé ni wọ́n ń pè é. Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn láyé. Ọkọ̀ tí a bá fi í gbẹ́, omi iyọ̀ kì í jẹ ẹ́, nítorí náà ìyàwó kan kì í lọ ilé ọkọ láìwọ ọkọ̀ afòkèṣelé. Wọ́n gé e, wọ́n gé e, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo.

Wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi! Àwọn ọmọbìnrin ló ń gun òkè lọ gbá ìdí rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oṣù tirẹ̀, kó lè máa mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n bó bá kan Ẹfúnwùmí, ọmọ Ajíbówú agbẹ́kọ̀... Ìyá ńlá wa, ẹ foríjì mí, ọ̀lẹ paraku ni yín! Á gbá iwájú, á sì sùn sẹ́yìn igi.

Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, Ajíbówú pọ́n àáké, ó gun òkè. Ẹfúnwùmí tẹ̀ lé e, ó ń sunkún. Ó lọ sẹ́yìn igi láti dágbére fún ibùsùn rẹ̀. Àfi bó ṣe rí ọmọ igi wẹ́wẹ́ láàárín ewé gbígbẹ!

"Bàbá, ẹ wá wò ó! Ìgbálẹ̀ wa ló ń pa á lọ́mọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyá wọn sílẹ̀ kó ṣíji bò wọ́n."

"Ọkọ̀ rẹ ńkọ́? Wọn á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

"Kí wọ́n ṣe é. Màá fẹsẹ̀ rìn."

Ajíbówú wo ọmọ, ó wo igi, ó sọ àáké kalẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Nígbà tí omi fà, Ẹfúnwùmí fẹsẹ̀ wọ́ odò oníyọ̀ tó wà láàárín kọjá sílé ọkọ, ó ru igbá tí ọmọ igi kan wà nínú rẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ́rìn-ín títí. "Ìyàwó ẹlẹ́sẹ̀ tútù dé o!" Ilẹ̀ ni Ẹfúnwùmí ń wá ní tirẹ̀, tí yóò gbìn ín sí.

Ìdí nìyí tí ìyàwó ilé wa fi ń fẹsẹ̀ wọ́ odò, tí kì í fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, àfi kó kọ́kọ́ gbin igi. Rẹ́rìn-ín dáadáa, Àṣàbí, ẹsẹ̀ tìrẹ náà yóò tutù lọ́dún yìí. Igi tó ṣíji bò wá láti ìrọ̀lẹ́ yìí, ọwọ́ Ẹfúnwùmí ló gbìn ín.

Ó yá, ẹ dìde. Ẹ gbọn ewé ara yín sílẹ̀ síbí. Ẹ má gbá a.