Ẹni Karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo ti jẹun, oúnjẹ kọ́ ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ ni mo bá wá, ẹ ó sì gbọ́ ọ tán lónìí. Ọdún mọ́kàndínlógún la fi jọ ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, èmi ń fọ aṣọ, ẹ̀yin ń lọ̀ ọ́, ẹ wá kó kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀. Ẹ ò tiẹ̀ dágbére. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?

Nítorí kí ni? Nítorí àbá òfin. Òfin gan-an kọ́ o, àbá lásán, tí àwọn aṣòfin ìjọba àpapọ̀ ṣì ń gbé sókè, gbé sílẹ̀ láti ìgbà òjò tó kọjá. Rédíò ní tó bá di òfin, agbanisíṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ márùn-ún gbọ́dọ̀ máa san owó ìbánigbófò fún wọn, kó fún wọn ní ìsinmi tí yóò sanwó rẹ̀, kó sì máa kọ ìwé ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba lóṣooṣù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, kò kan ìjọba. Márùn-ún sì ni ẹ̀yin tí mo gbà síṣẹ́: ẹ̀yin, awakọ̀, ẹni tó ń bá mi fọṣọ, àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó ń ká aṣọ.

Ta ló ní kí ẹ bá mi yọ ara yín kúrò? Ẹ ní ẹ fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Ìrànlọ́wọ́ wo? Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yẹn wo ibi tí ẹ máa ń dúró sí, wọ́n ní bí ọ̀gá bá lè lé Màmá Áyọ́ọ̀nù lọ, àwa tí a dé lánàá ńkọ́? Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi bó. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ríṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ ńlá ẹ̀yìn bánkì. Awakọ̀ ní òun ò lè máa gbé ẹ̀wù méjì kiri ìgboro. Ẹnì kejì mi nídìí omi fara dà á fún oṣù kan, ìyàwó rẹ̀ bímọ, òun náà lọ síbi tí iṣẹ́ gbé dúró sójú kan. Ẹ fẹ́ kó ku mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n. Ó ku èmi nìkan.

Ẹ ò mọ bí ibẹ̀ ṣe rí báyìí. Ẹ̀rọ ń yí, òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́sí, olùkọ́ tó máa ń wọ funfun yẹn wá gbaṣọ, mo bi í léèrè ìyá rẹ̀, mo bi í léèrè ọmọ rẹ̀, mo tún bi í léèrè ìyá rẹ̀, títí ó fi ń yọjú wo aago. Ìgbà tó jáde ni mo tó mọ̀ pé n kò tíì bá ẹ̀dá kankan sọ̀rọ̀ láti ìdájí. Bàbá àwọn ọmọ ti kú, àwọn ọmọ ti bá tiwọn lọ, ta ló kù? Ẹ̀yin lẹ máa ń bú mi bí mo bá da ọṣẹ jù. Kò sẹ́ni tó ń bú mi mọ́.

Kí lẹ wí? Ẹ tún un wí.

Pé mo kà yín.

Hẹn-ẹn. Ọjọ́ tí rédíò sọ ọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń fi ìka kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ìka mi wá dúró lórí yín, àrún. Ẹ gbójú sókè. Mo rò pé kọ́là ẹ̀wù lẹ ń wò. N ò ní kí ẹ lọ, Ọlọ́run ń gbọ́. N ò sì ní kí ẹ dúró. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pariwo òfin, òfin, kiri àdúgbò, bí ẹni pé aṣòfin ló nàka sí yín. Ẹ̀yin tí orúnkún ń dà láàmú, tí ìsinmi yẹn ìbá kọ́kọ́ tọ́ sí.

Wọ́n tún ti sún un síwájú lánàá, ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n ní àwọn aṣòfin ti lọ sinmi. Wọ́n sì ń gbowó ìsinmi tiwọn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ jàre, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yín.

Bó bá di òfin, ká jọ kọ ìwé náà. Bí kò bá di òfin, ìsinmi yín wà lọ́wọ́ mi. Ẹ ní orúnkún ò jẹ́? Ẹ má fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù. Ẹ kàn wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí n máa gbọ́ pé ènìyàn ń mí.