Irin Tí Mo Ní Ó Dún

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dá a nù. Wọn kò sọ ọjọ́ tí wọn yóò yẹgi fún mi.

Láràárọ̀, wọ́dà kan máa ń wá pẹ̀lú ọ̀pá irin kékeré, a sì máa fi kan àwọn irin ojú fèrèsé mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹnìkan ti fi ayùn rẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ara mi á máa gbọ̀n. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó kù rò pé okùn ni mo ń bẹ̀rù. Òótọ́ ni, mo ń bẹ̀rù okùn. Ṣùgbọ́n ìró irin ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa dá sílẹ̀ ni mo lọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá lójú fèrèsé máa ń ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti ṣe àṣetiléwá yín?" wọ́n á sì sá lọ. Mo fara dà á. Ṣáájú ìgbà náà, àtàǹpàkò ni mo fi ń tẹ gbogbo ìwé. Ojú máa ń tì mí bí mo bá ń nu tàdáwà kúrò ní ìka mi níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí ìyàwó mi kú, tí Dúpẹ́, ọmọ mi kan ṣoṣo, sì ti wà nílé ọkọ ní Ìgbòho, n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nílé mọ́. Mo lọ ń ṣe akọ̀wé fún Bàbá Múfú alágbẹ̀dẹ.

Bàbá Múfú kì í fi ojú yan irin. Á so irin rọ̀, á fi òòlù kékeré kàn án, á sì tẹ́tí. Irin tó dára á dún gooro, ìró rẹ̀ á pẹ́ kó tó lọ. Èyí tó ti sán nínú á dún pọ̀, bí ìkòkò tó ti là. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìró owú, òòlù ńlá tó ti ń lù láti kékeré, ti di í létí. Ẹni bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní láti jẹ́ kó wo ẹnu òun. Kò fẹ́ kí àwọn oníbàárà mọ̀. Èmi ló wá fi ṣe etí. Á kan irin, á wo ẹnu mi, á ní, "Ó dún?" Bí ó bá dún, mo ní ó dún. Bí kò bá dún, mo mi orí, á sì jù ú sẹ́yìn àgbẹ̀dẹ.

Òun ló rọ ènìyàn onírin. Nítorí ẹ̀gà àti ọ̀bọ tó ń jẹ ọkà rẹ̀ ló ṣe rọ èyí àkọ́kọ́. Garawa ni orí rẹ̀, páìpù ni ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ ìlọta kékeré ló wà níkùn rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, á gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè, á jù wọ́n sílẹ̀, á yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì. Apá náà wúwo púpọ̀. Òrùka irin kan ní èjìká ló gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó yíjú sí mi, ẹsẹ̀ mi fẹ́ gbé mi sá.

Mánéjà oko ńlá kan lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì wá wò ó. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ẹyọ kan kọ́ ni mo fẹ́ o. Mo fẹ́ kí wọ́n tò yí oko ká bí ọlọ́pàá." Ó ní kí a kọ iye tí yóò ná òun wá.

Èmi ni mo ṣe ìṣirò náà. Mo ka páìpù, garawa, ẹ̀rọ, èédú, iṣẹ́ wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀, irin tí yóò bàjẹ́ lọ́wọ́ wa àti ọkọ̀ tí yóò kó wọn. Mo rí i pé bí a bá ń rọ púpọ̀ pọ̀, ohun tí ọ̀kan ń ná wa á máa dín kù. Èédú á dín, ọwọ́ òṣìṣẹ́ á yá. Òrùka èjìká nìkan ni kò dín. Irin tuntun ni, ọwọ́ ni a fi ń rọ ọ́, kò sì ṣe é kánjú rọ.

Mánéjà wo ìwé mi, ó ní, "Bàbá, tiyín ga. Ará Ìbàdàn kan fẹ́ gbà á ní iye tó kéré sí èyí. Ẹ lọ tún wò ó. Bí ó bá wálẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ̀yin ni n ó gbé e fún."

Ẹ fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí láyé mi.

Mo yọ irin tuntun kúrò, mo fi òrùka àlòkù láti ara àwọn lọ́rì tó ti kú sí i. Mo fọwọ́ sí i. Mo wo orúkọ mi lórí ìwé náà títí tàdáwà fi gbẹ. Mo sọ fún Bàbá Múfú pé ilé iṣẹ́ kan ní Ìsẹ́yìn ló ń ta òrùka náà ní tuntun. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n òun yóò kàn wọ́n. Ó kàn wọ́n. Àwọn kan dún. Nígbà tó kan èyí àkọ́kọ́ tí kò dún, ó wo ẹnu mi, mo ní, "Ó dún." Ó ní, "Ọlọ́run á bá wa dá etí rẹ sí, Akọ̀wé."

Àwọn ènìyàn onírin ń pọ̀ sí i nínú ọgbà wa. N kò fẹ́ kọjá láàrin wọn mọ́. Lọ́jọ́ kan tí a ń dán ọ̀kan wò, apá rẹ̀ já, ó sì pa ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu nítòsí. Bàbá Múfú he òrùka tó kán náà. Ìdajì ojú ibi tó ti kán ń dán, ìdajì ti dípẹtà. Ó gbé e sún mọ́ mi.

"Akọ̀wé, ṣé èyí dún?"

"Ó dún, Bàbá."

Ó ní, "A jẹ́ pé etí tìrẹ náà ti ń di nìyẹn. Àgbà ti ń dé. A ó tú gbogbo wọn palẹ̀. Bí a bá ṣe tán, n ó lọ bá Mánéjà, n ó ní kó fún wa ní ìwé rẹ padà."

Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, bóyá n kì bá ti ṣe ohun tí mo ṣe. Ìbẹ̀rù wọ inú egungun mi. Mo rí Mánéjà tó na ìwé náà sókè, mo rí orúkọ mi lórí rẹ̀, mo sì ń gbọ́ àwọn ọmọ yẹn lójú fèrèsé. Wọ́n máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo gba òwe náà gbọ́. Ṣùgbọ́n ikú ẹni fúnra ẹni ló ń sọ, kì í ṣe ikú ẹlòmíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn. Ìyá Múfú, ìyàwó rẹ̀, ń yan àgbàdo lẹ́bàá ògiri. Apá èyí tí a kọ́kọ́ fẹ́ tú há sókè. Bàbá Múfú ní láti wọ abẹ́ rẹ̀ kó tó lè yọ ẹ̀rọ inú ikùn. Ó na òòlù kékeré sí mi, ó ní kí n kan òrùka náà kí òun tó wọ abẹ́ rẹ̀. Mo kàn án. Ó dún pọ̀, bí ìkòkò tó ti là.

Ó wo ẹnu mi. "Ó dún?"

"Ó dún."

Ó tẹ̀ ba, ó wọ abẹ́ apá náà. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ tí èéfín ti pa dà. Bí mo bá kígbe, kò ní gbọ́, ṣùgbọ́n mo lè fà á láṣọ. N kò fà á. Mo gbé òòlù náà sókè, mo sì fi gbogbo agbára mi gbá òrùka náà lẹ́ẹ̀kejì.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ké pe àwọn aráàdúgbò. Wọ́n ní irin ló pa á. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, mo sì bá wọn bu yẹ̀pẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Múfú pè mí sí kọ̀rọ̀. Kò sunkún.

"Bàbá Dúpẹ́, kí ẹ tó mọ ilé wa ni mo ti ń fẹ ẹwìrì sí iná fún ọkọ mi. Mo gbọ́ irin yẹn láti ìdí àgbàdo mi. Kò dún."

Mo ní bóyá etí mi ló tàn mí.

"Ó dáa. Òòlù ẹ̀ẹ̀kejì ńkọ́? Kí ni ẹ tún gbá a fún?"

Mo jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ti bá mi.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Mo mú kálàmù, ṣùgbọ́n n kò lè kọ orúkọ mi. Àtàǹpàkò ni mo tẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo tèmi. N kò jí nǹkan rí, n kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan á fi etí rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, nítorí pé ó fọkàn tán yín. Bí irin kò bá dún, ẹ ní kò dún, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ náà. Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Wọ́n lè fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ti ṣe ẹni ẹ̀sín rí, mo sì jí láàyè ní ọjọ́ kejì.

Ọ̀pá wọ́dà ti ń dún ní yàrá kejì. Ó ń bọ̀. Bí ó bá kan irin tèmi tán, á dúró, á wo ojú mi. Kò bi mí ní nǹkan kan rí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni mo máa ń dìde dúró dá a lóhùn.

"Ó dún, sà. Gbogbo rẹ̀ ló dún."