Ìwé Àṣẹ Ojú Títì Tí Mo Wá Kiri Nítorí Màmá Mi

Ẹ bá mi kígbe ògo! Mo ní ẹ bá mi kígbe ògo! Ọlọ́run tí kì í fi àṣìṣe ọmọ pa ọmọ, ìwọ ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ lónìí!

Ará, ẹ mọ̀ mí. Èmi ni tíṣà tó fẹ̀yìntì, ọmọ Ìyá Onírú, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ti Ìbàdàn dé. Ìṣirò ni mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìgbéraga ti mú mi.

Màmá pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ọdún kẹrin rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ wọn, inú yàrá ni wọ́n ń gbé. Àwa ọmọ máràrùn-ún ní ká wá ṣe ìdúpẹ́. Bùrọ̀dá mi àgbà, tó wà lókè òkun, kò tíì fojú kan Màmá láti ọdún mọ́kànlá. A ní ká gba gbọ̀ngàn. Màmá ní, "Ẹ ò ní gbé mi bí àpò gààrí lọ sí gbọ̀ngàn kankan. Iwájú ilé mi ni mo ti fẹ́ rí gbogbo yín kí n tó lọ." Kí n tó lọ! Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n iwájú ilé wa kò ní àyè. Bí ẹ bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, orí títì ni ẹ wà. A ní láti dí títì náà fún ọjọ́ kan, ìyẹn sì gba ìwé àṣẹ káńsù àti ti ọlọ́pàá. Mo wá láti Ìbàdàn, mo fi lẹ́tà sílẹ̀ ní káńsù. Kí n má baà mú ọjọ́ ọjà, mo ti gbé kàlẹ́ńdà sílẹ̀, mo ń fi bírò pupa sàmì sí ọjọ́ ọjà wa tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún, mo ń fo ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún. Àbámẹ́ta tí mo mú kò ní àmì kankan. Mo yin ara mi! N kò yin Ọlọ́run.

Bí mo bá pe káńsù, wọ́n á ní, "Ó wà lórí tábìlì ọ̀gá." Ọ̀sẹ̀ kejì, ó wà lórí tábìlì ọ̀gá. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀gá lọ sí ìpàdé l'Óṣogbo. Nígbà tí ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, mo wá fúnra mi. Mo lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Ẹni tó jókòó sí kàǹtà ní, "Ìyá, bí káńsù ò bá tíì fọwọ́ sí i, kí la fẹ́ fọwọ́ sí?" Mo padà sí káńsù. Mo tún padà sí ọlọ́pàá. Ẹsẹ̀ mi wú. Bùrọ̀dá ti wọ bàálù, àwọn àbúrò mi ti ń dé, ọwọ́ mi ṣófo.

Ní Ọjọ́bọ̀, tí ìdúpẹ́ ku ọ̀túnla, obìnrin tó ń bójú tó ìwé àṣẹ pè mí wọlé. Ọmọ tí mo lè bí ni. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jókòó. Ọjọ́ wo la ná ọjà gbẹ̀yìn?"

Mo ní, "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó na ìka rẹ̀, ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta." Ó di márùn-ún. "Àbámẹ́ta lọjà, Mọ́mì. Ọ̀nà yẹn sì ni ẹrù ọjà ń gbà wọlé. Ta ló fẹ́ fọwọ́ sí i?"

Ará mi! Bí àwọn baba wa bá ń ka ọrún, òní wà nínú rẹ̀. Èmi fo òní, ọ̀la ni mo ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò tibí wá. Ọmọ tí wọ́n fi owó irú rán nílé ìwé kò mọ ọjọ́ ọjà kà mọ́!

Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, mà. Bí mo bá bá yín dí ọ̀nà ọjà, iṣẹ́ mi á lọ." Ó ní ká sún un síwájú. Báwo la ṣe fẹ́ sún un? Ọjọ́ Ajé ni Bùrọ̀dá ń padà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, àdúrà ò tilẹ̀ wá sí mi lẹ́nu. "Olúwa" nìkan ni mo ń pè. Nígbà tí Bùrọ̀dá dé, ó bi mí pé, "Kí lo wá ń ṣe láti oṣù méjì?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá. Mo ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí. Mo ka ọjà ṣì. Wọn ò jẹ́ ká dí ọ̀nà."

Màmá wò mí. "Ọjọ́ ọjà ni ọ̀la?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àwọn èèyàn á máa kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín! Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. "Ta ló wá ní kí ẹ dí wọn lọ́nà? Ẹ gba ìlàjì, kí ẹ fi ìlàjì sílẹ̀ fún ọjà. Ẹ gbé àga mi sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ṣé èmi kì í ṣe ará ọjà ni?"

Mo sáré padà sí káńsù! Obìnrin ìwé àṣẹ náà ní, "Ìlàjì? Ẹnikẹ́ni ò béèrè ìlàjì lọ́wọ́ wa rí." Ó wọlé tọ ọ̀gá lọ. Mo dúró, ọgbọ́n ti tán nínú mi. Nígbà tó jáde, òǹtẹ̀ ti wà lórí ìwé! Ògo! Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn ọlọ́pàá náà fọwọ́ sí i.

Ká ní ẹ rí Màmá ní Àbámẹ́ta! Bùrọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí títì pẹ̀lú aṣọ funfun. Àwọn ọlọ́kadà ń rọra kọjá. Àwọn obìnrin ń sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀: "Ìyá Onírú! Ẹ̀yin rèé!" Màmá ń dá wọn lóhùn lórúkọ. Nírọ̀lẹ́, wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n ní, "Ká ní o kà á bó ṣe yẹ, n kì bá tí rí àwọn ará ọjà mi."

Ẹ bá mi dúpẹ́! Ẹ tún bá mi dúpẹ́! Màmá ṣì wà, gbogbo ọjọ́ ọjà la ń gbé wọn jáde báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń sọ fún pé ìwé yín wà lórí tábìlì ọ̀gá, mo mọ bó ṣe ń rí. Bí ẹ bá ń ka ọjọ́ tí ìrànlọ́wọ́ yín máa dé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la bíi tèmi. Ẹ ka òní mọ́ ọn.