Ẹrọ̀fọ̀ Ni Mo Wá Ń Jowú

Nínú mọ́tò tí mo fi gbé ọmọ mi kúrò ní Fìdítì lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, orogún méjì jókòó níwájú mi, wọ́n ń jiyàn lórí àkúrọ̀ tí ọkọ wọn pín fún wọn.

Ìyálé ní, "Ìwọ ló fún ní ilẹ̀ dúdú."

"Ìyálé mi, okùn kan náà ló fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ kòtò kómi lè ṣàn lọ, kẹ́ ẹ lè gbin àgbàdo. Èmi fi omi tèmi sílẹ̀, mo gbin ẹ̀fọ́ sí i."

"Ṣé àgbàdo náà ò ṣe dáadáa lọ́dún kìíní ni?"

"Ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ewé àti gbòǹgbò àtayébáyé ló di ilẹ̀ dúdú yẹn, omi ni ò jẹ́ kó jẹrà tán. Nísinsìnyí tómi ti lọ, ilẹ̀ náà ń jẹrà, ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ ò rí i pé tiyín ti rì ni?"

Ìyálé pòṣé. "Mi ò jowú ọkọ rí. Ẹrọ̀fọ̀ ni mo wá ń jowú!"

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi owú, mi ò gbọ́ irú èyí rí.

Ìyàwó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká dí kòtò náà."

"Ìgbà wo ló máa tó dú bíi tìẹ?"

"Ó lè má ṣojú wa. Èyí tó kù la fẹ́ dì mú."

Ìyálé ní, "Ó dáa, a ó dí i. Ṣùgbọ́n má gbé ẹ̀fọ́ ẹ gba iwájú yàrá mi kọjá mọ́."