Ohun Tí Mo Rí Ṣáájú Ẹjọ́ Àríkẹ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ó sì ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Alàgbà ti fún mi láyè. Wọ́n ní kí n sọ ìran náà bí mo ṣe rí i gan-an, kí n má bù mọ́ ọn, kí n má sì yọ níbẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi, ẹ̀yin náà yóò sì mọ̀ ọ́n kí n tó padà sí àyè mi.

Ẹ mọ Àríkẹ́ àbúrò mi. Òun ló rán aṣọ tó wà lọ́rùn ẹgbẹ́ akọrin yẹn. Ó ti di ọdún kẹta tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, tó mú apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé lọ́dọ̀ mi. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń wọṣọ fún un, èmi ni mò ń gbé e lọ sẹ́yìnkùlé nígbàkúùgbà tí inú bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ìbàdí ń dùn mí débi pé láàárọ̀, èmi gan-an ń wá ẹni tí yóò fà mí dìde.

Nígbà tí ìjọba ní àwọn yóò máa fún àwọn akàndá ẹ̀dá lówó ìrànwọ́ lóṣooṣù, mo sáré lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èrò mi ni pé a ó fi gba ẹnì kan tí yóò máa bá mi gbé e, a ó sì ra àga oníkẹ̀kẹ́. Wọ́n rán obìnrin kan wá wò ó nílé. Kí obìnrin náà tó dé, mo ti wẹ Àríkẹ́, mo ti wọ aṣọ tó dára jù fún un, mo tilẹ̀ we gèlè fún un. Àlejò ń bọ̀, ṣé kó wá bá a nínú ìdọ̀tí ni? Bí obìnrin náà ṣe wọlé, Àríkẹ́ rí i pé ó ju òun lọ lọ́jọ́ orí. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di tábìlì mú, ó wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i. Èmi ni mo gbé e dìde látẹ̀yìn, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti tẹ orí ba ìwé. Ó bi í pé ara ńkọ́. Àríkẹ́ ní ara le, a dúpẹ́. Ó bi í bóyá ó lè dáná fúnra rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ń ràn wá lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ni obìnrin náà kọ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wí, ta ni nínú wa níbí tí àlejò yóò bi pé ara ńkọ́, tí yóò dáhùn pé kò le?

Nígbà tí ìwé dé, wọ́n ní àwọn kò fún un. Wọ́n kọ ìdí mẹ́ta síbẹ̀. Wọ́n ní ó kúnlẹ̀, ó sì dìde. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ sọ pé ara òun le. Ẹ̀kẹta ni pé aládùúgbò wa kan jẹ́rìí sí i pé ó ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹ̀kẹta yìí ló dùn mí wọra. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa àti Bàbá Ṣọlá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, mo sì mọ̀ pé òun ni wọ́n bi. Láti ọjọ́ náà n kò kí i mọ́. Bí ó bá kí mi, èmi a máa wo òkè bí ẹni tó ń wá òjò.

Mo kọ ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí kò lè rìn wà, ẹ bá mi dá sí i. Lónìí wọn á ní kí n mú fọ́tò wá, lọ́la wọn á ní fọ́tò náà kéré jù, lọ́tùn-únla ẹni tó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ mi yóò ti lọ jẹun. Mo gun òkè títí orúnkún mi fi ń dún. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fún wa ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí. Ẹni mẹ́ta yóò jókòó gbọ́ wa. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ó parí nìyẹn, kò sí ibòmíràn tí a lè gbé e lọ. Èmi kò sì lè gbé Àríkẹ́ mọ́. Ó ti já bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù yìí.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, ẹ̀yin lọ sílé, èmi dúró. Mo gba àdúrà kan tí kò mọ́. Mo ní kí Ọlọ́run fi ibi tó pèsè sílẹ̀ fún ẹni tó purọ́ mọ́ àbúrò mi hàn mí. Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fi wúwo, mo bá fi orí lé apá lórí ẹní níwájú pẹpẹ, oorun sì gbé mi lọ.

Mo rí i pé ẹnì kan fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi. Ọkùnrin kan ni, aṣọ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n etí aṣọ náà tutù bí ti ẹni tó la ìrì kọjá. Ó ní, "Dìde, o ní ká fi ibì kan hàn ọ́." Mo bi í bóyá ó jìnnà, nítorí ẹsẹ̀ ń ro mí. Ó ń lọ, mo sì ń tẹ̀ lé e.

A kọ́kọ́ dé ìlú kan tí kò ní igi kankan, tí ooru ibẹ̀ ń jáde láti inú ilẹ̀. Àwọn ọkùnrin àti obìnrin ń sáré láti ilé dé ilé, wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń tì í padà. Mo béèrè pé àwọn wo nìyí. Atọ́nà mi ní, "Àwọn alágbèrè ni. Ilé ara wọn ni wọ́n ń wá." Mo rí ọkùnrin kan tó ti fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀kùn títí ó fi bó. N kò mọ̀ ọ́n, mo sì dúpẹ́ pé n kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí a dé ìdí àtẹ̀gùn kan tí n kò rí òpin rẹ̀. Kóòtù àti aṣọ olówó iyebíye ló wà lọ́rùn àwọn tó ń gùn ún, ẹsẹ̀ òsì gbogbo wọn sì wúwo bí ọlọ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e láti ìpele kan sí èkejì. Ní gbogbo ibi tí àtẹ̀gùn náà bá ti yà, tábìlì kan wà níbẹ̀, ohùn kan á sì wí láti ẹ̀yìn tábìlì pé kí wọ́n padà wá lọ́la. Wọ́n á tún sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Atọ́nà mi ní, "Àwọn aninilára. Wọ́n lágbára láti ṣe é lójú ẹsẹ̀, wọn kò ṣe é." Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ yẹ kó dùn mọ́ mi, kò dùn mọ́ mi. Mo ti gun àtẹ̀gùn pọ̀ jù láyé láti máa fi ẹni tó ń gùn ún ṣẹ̀sín.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ibi àwọn òpùrọ́ ni mo ń wá."

Ó mú mi sọ̀kalẹ̀ sínú ọ̀gbun kan. Iná wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iná kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ọwọ́ olúkúlùkù wọn ti lẹ̀ mọ́ ohun tó fi purọ́. Ọwọ́ obìnrin kan lẹ̀ mọ́ kóńgò tó ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ọwọ́ adájọ́ kan lẹ̀ mọ́ bírò. Gbogbo rẹ̀ ti pọ́n yòò, wọn kò sì lè jù ú sílẹ̀. Mò ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń wá ojú Bàbá Ṣọlá. Bàbá, ẹ má bínú, tọkàntọkàn ni mo fi ń wá yín.

Atọ́nà mi dúró níbì kan tó ṣófo. Ó ní, "Òun nìyí." Mo ní n kò rí ẹnì kankan. Ó ní kí n tún wò. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò, mo rí ọwọ́ kan, ọwọ́ lásán, kò sí apá, kò sí ara, ó di ọ̀já kan mú ṣinṣin nínú iná, àwọn ìka rẹ̀ ń jó, kò tú u sílẹ̀, mo sì rí àpá kan lẹ́yìn ọwọ́ náà, àpá tí àyọ́nù Àríkẹ́ dá sí mi lára nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́, mo wo ọrùn ọwọ́ tèmi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mo kígbe, mo ní ọwọ́ mi ni, ọwọ́ mi ni, mo fẹ́ fà á yọ, ooru lé mi padà, mo ké pe Jésù, mo ké pe ìyá mi, àwọn ìka náà sì ń jó síbẹ̀. Ọkùnrin náà kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ìwọ lo béèrè."

Ìgbà náà ni mo dá ọ̀já náà mọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rántí ìkórè tó kọjá, nígbà tí mo mú Àríkẹ́ wá síwájú yín. Gbogbo yín lẹ ti bá wa gbààwẹ̀ fún un títí ó fi rẹ̀ yín, ojú sì ń tì mí pé kò sí èsì kan tí mo lè mú wá. Mo so ọ̀já mọ́ ọn nídìí, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn rẹ̀, mo di ọ̀já náà mú, mo sì gbé e ró. Mo ní kí ẹ wo ohun tí Olúwa ṣe, pé ó ti ń rìn fúnra rẹ̀. A gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ẹ pariwo halelúyà, ẹ jó. Kò sí ẹni tó rí ọwọ́ mi. Nígbà tí a délé, èmi àti òun kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nígbà tí obìnrin ọ́fíìsì wá bi Bàbá Ṣọlá, ohun tí èmi sọ fún wọn nínú ilé Ọlọ́run yìí ni wọ́n sọ fún un. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ pé ọdún kan.

Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò fi mí sí, ṣùgbọ́n ó mú mi jáde, a gòkè títí a fi dé ibì kan tí atẹ́gùn tutù ti ń fẹ́. Àwọn olóòótọ́ wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì jókòó. Kò sí ẹni tó ń dìde kí ẹnikẹ́ni. Àwọn áńgẹ́lì ló ń bẹ̀rẹ̀ kí wọn lórí ìjókòó wọn. Mo rí ìyá mi lábẹ́ igi kan, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó ní kí n fi í sílẹ̀. Mo na apá tí kò lọ́wọ́ sí i, mo ń sunkún. Ó wò ó.

Ó ní, "Ṣé ògo Ọlọ́run ni kò lè dá dúró, tí o fi ń gbé e ró?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n jókòó ti òun, nítorí ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin ará, ó rẹ̀ mí dé egungun. Ó ní àga mi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fi ọwọ́ mi sílẹ̀ lọ́hùn-ún kí n wá jókòó síhìn-ín. Mo bi atọ́nà mi bí mo ṣe lè rí i gbà. Ó ní, "Ibi tí o fi í sí ló wà. Lọ mú un kúrò níbẹ̀."

Mo jí. Orí apá mi ni mo sùn lé, ọwọ́ náà ti kú tipiri. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ìjọ dúró tì mí pẹ̀lú ìgbálẹ̀, wọ́n ní mo ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lù.

Mo lọ sílé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àríkẹ́. Mo wá bi í ìdí tó fi kúnlẹ̀ fún obìnrin yẹn nígbà tó mọ̀ pé òun kò lè dá dìde. Mo rò pé yóò sọ pé nítorí ọ̀wọ̀ ni.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ jẹ́rìí níwájú ìjọ pé mo ti ń rìn. Ṣé kí n wá jókòó kalẹ̀ níwájú àlejò, kí n sọ yín di òpùrọ́ ni?"

Àṣé èmi ló ń bò láṣìírí. Nítorí èmi tí mo fi irọ́ mi gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ ni ó ṣe wọ́ ara rẹ̀ lulẹ̀. Ẹkún tí mo sun lórí ibùsùn rẹ̀ ju èyí tí mo sun nínú ọ̀gbun yẹn lọ.

Ìkìlọ̀ tí wọ́n fi rán mi kò gùn. Ẹ má fi ẹnu yín wo ara tí Ọlọ́run kò tíì wò sàn. Ká gbàdúrà, ká dúró dè é, bí kò bá tíì dáhùn, ká sọ pé kò tíì dáhùn. Ẹni tó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba láàárín wa, tí aláìlera ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, mo ti rí àtẹ̀gùn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ síbẹ̀.

Bàbá Ṣọlá, mo tọrọ àforíjì. Òtítọ́ tí ẹ mọ̀ lẹ sọ, èmi ni mo bà á jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ẹni mẹ́ta yẹn yóò bi wá pé ta ló lè jẹ́rìí sí ìlera Àríkẹ́. Mo bẹ ẹ̀yin àti Alàgbà, ẹ bá wa gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Mo mọ ohun tí mo ń bẹ̀. Àwọn ará ìta yóò gbọ́ pé ẹ̀rí tí a jó sí nínú ìjọ yìí, irọ́ ni. Ìtìjú náà tóbi, ṣùgbọ́n èmi ni kí ẹ dì í rù, kì í ṣe Àríkẹ́.

Ẹ má tíì kọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì ṣe halelúyà. Akọ̀wé ìjọ, ẹ ṣí ìwé tí ẹ kọ ẹ̀rí mi sí ní ìkórè, ẹ kọ èyí sábẹ́ rẹ̀ kí gbogbo ìjọ gbọ́: Àríkẹ́ àbúrò mi kò lè rìn. Èmi ni mo gbé e ró.