Orúkọ Tí Kánádà Kò Gbọ́

Akínkúnmi, má sọ pé kí n fara balẹ̀! Mi ò ní í fara balẹ̀! Èmi ni mo bí Prosper àbúrò rẹ, wọ́n sì sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ ní Kánádà lónìí, orúkọ tèmi kò sí níbẹ̀. Michelle nìkan! Ààwẹ̀ mélòó ni mo gbà lórí oyún yẹn? Olúwa gbọ́, èmi ni wọn ò gbọ́!

Wọ́n ní orí fóònù la ó ti ṣe é, mo ní ó dáa. Mo wọ sùtánà mi, mo gbé oyin àti iyọ̀ síwájú, ìwọ fúnra rẹ lo mú fóònù dání sí mi lójú. Mo rí àwọn àna ní Lọ́ńdọ̀nù, mo rí ìyá ìyàwó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbí kí n dé ibi ìkómọ kí n ya odi? Pásítọ̀ wọn ní ariwo ti pọ̀. Ariwo! Kíkí ènìyàn ti di ariwo!

Nígbà tó kàn mí, áà, mo gbàdúrà! Mo tọ́ oyin wò, mo tọ́ iyọ̀ wò, mo ki ọmọ náà títí omi fi bọ́ lójú mi, mo wá pe orúkọ: Olúwatóyọ̀sí! Wọ́n kàn ń wo ẹnu mi. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín nínú wọn. Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún nìyẹn. Ṣebí tí mo bá fi àdúrà ránṣẹ́ sí Prosper lórí Wásáàpù, àtàǹpàkò ló máa ń nà sí mi. Àtàǹpàkò, sí ìyá rẹ̀! Pásítọ̀ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì màmá ò dáa, ẹ jẹ́ á tẹ̀ síwájú. Wọ́n sì tẹ̀ síwájú.

Mo ti pe Adérìnsọ́lá ìyàwó rẹ̀. Ó ní, màámi, ẹ má bínú, ẹnu yín là ń rí, wọ́n ti pa ohùn yín. Mo ní ta ló pa á? Ó ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn, láti orí fóònù Ìdànrè níbí ni.

Fóònù tiwa kẹ̀? Akínkúnmi, wò mí lójú. Kí lò ń wolẹ̀ fún?

Yéè! Ìwọ ni? O pa ohùn mi nígbà tí mò ń kí àwọn àna, o sì gbàgbé láti ṣí i padà? O jókòó tì mí, ò ń ṣe àmín, àmín, àṣé ìwọ nìkan ló ń gbọ́ mi ní gbogbo ayé!

Má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Dìde, pe Prosper, kí ó gbé fóònù sí etí ọmọ mi. Gbogbo wọn ni n ó tún kí, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó pe orúkọ. Ìwọ ńkọ́? Fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ. Ó ti kàn ọ́ láti dákẹ́.