Òkè Orí Fóònù

Mo tò sórí ìlà kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Jákàńdè nígbà tí tọkọtìyàwó tó wà níwájú mi bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ibi tí wọ́n máa kó àwọn ọmọ wọn lọ lọ́dún Àjíǹde.

Ìyàwó ní, "Etí òkun kẹ̀? Bàbá Ìbejì, ọmọ Ìkátẹ̀ ni mí! Ṣé ẹ̀yìnkùlé bàbá mi lẹ ó máa gbé mi lọ ṣe fàájì lọ́dọọdún? Òkè Ìdànrè lèmi ń lọ."

Ó na fóònù sí ọkọ rẹ̀ lójú. Àwòrán òkè náà ló wà níbẹ̀, ìkùukùu bò ó lórí.

Ọkọ ò tiẹ̀ wò ó. "Kí ló wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀? Abẹ́ òkè yẹn ni wọ́n bí mi sí. Igi ìdáná ni mò ń ṣẹ́ lórí ẹ̀ ní kékeré. Ká wá sanwó ká tó gùn ún báyìí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Òkúta ni, Ìyá Ìbejì. Òkúta lásán!"

"Òkúta lásán." Ìyàwó rọra tún un sọ, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò bóyá ó níyọ̀.

Kẹ̀kẹ́ dé. Wọn ò wọ̀ ọ́, àwa tó wà lẹ́yìn wọn náà ò sì lè kọjá.

"Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti wà nílé yín. Ìyá yín ṣì ń gbé lẹ́bàá òkúta lásán yẹn. Orí fóònù ni mo ti mọ òkè náà, Bàbá Ìbejì. Orí fóònù náà ni mo ti mọ ìyá yín."